Ọmọ Tí A Kò Rí, A Kò Lè Yàn Án



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tẹnu mi lórí bí a ṣe ń yan àwọn ọmọ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Nàìjíríà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ pé, “Kíríkẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Eré òyìnbó tí wọ́n ń fi igi gbá yẹn?” Ẹ ní sùúrù, ẹ kà á tán ná.

Eré yìí kì í ṣe àlejò l'Ékòó. Láti ọdún 1904 ni Èkó ti ń bá Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, gbá a. Àmọ́ ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọkùnrin wa tí kò ju ọdún mọ́kàndínlógún lọ na Sàró ní Windhoek, ní Namibia, wọ́n sì lọ sí ìdíje àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Gúúsù Áfíríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Sylvester Okpe ni olórí wọn. Ọsirélíà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti West Indies fi ìyà jẹ wọ́n gan-an, Japáànù nìkan ni apá wọn ká. Kò yà mí lẹ́nu. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọbìnrin wa. Ní ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní Kuching ní Malaysia, òjò gé eré kúrú, Nàìjíríà gbá ayò 65, New Zealand gbá 63. Ayò méjì péré la fi nà wọ́n! Àwọn àgbà obìnrin New Zealand yìí kan náà ló gba ife àgbáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, kò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ náà. Lucky Piety ni olórí àwọn ọmọ wa. Ẹni tó bá ní ọmọ wa ò lè ṣe é, kó lọ bi New Zealand.

Ìbéèrè tèmi wá nìyí: ọmọ tó ń gbé Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá tàbí Ìgàndó, ọ̀nà wo ni yóò gbà dé irú ibẹ̀? Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé a ju mílíọ̀nù kan lọ ní Alimọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó tó pọ̀ tó wa. Àwọn pápá kíríkẹ́ẹ̀tì tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ ńkọ́? Ọ̀kan wà ní Tafawa Balewa Square ní Oníkan, ọ̀kan wà ní Yabatech, Bini ní tiẹ̀, Àbújá ní tiẹ̀. Ọmọ Ìgàndó tó bá fẹ́ dé TBS ní àárọ̀ Sátidé, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò wọ̀ ní àlọ, iye kan náà ni yóò tún wọ̀ ní àbọ̀. Òbí wo ló fẹ́ máa san owó yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọ ọdún méjìlá, kó tún máa wo ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú?

Mi ò bá àwọn tó ń yan ọmọ jà o. Ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń yàn. Kíríkẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe eré tí a ń fi ojú lásán yan ènìyàn. Ìwé ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: iye ayò tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbá, iye bọ́ọ̀lù tó jù, iye ẹni tó lé jáde. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé ò mọ ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sí ìdíje kankan ní àdúgbò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò lè wọ ìwé yẹn láéláé. Nígbà tí wọ́n bá jókòó láti yan ọmọ orílẹ̀-èdè, wọ́n ti yọ tiwa kúrò tipẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ojúsàájú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé pápá tí a ní gan-an ń lọ. Ilé-ìwé kan wà lọ́dọ̀ọ́ wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ yí pápá rẹ̀ ká títí ó fi ku ibi tí àwọn ọmọ ti ń to ìlà ní àárọ̀. Ẹ sọ fún mi, níbo ni wọ́n ó ti sáré?

Àwọn kan á ní eré olówó ni kíríkẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni. Ní Pakistan, bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń fi téèpù àwọn oníṣẹ́ iná wé, tí wọ́n fi ń gbá a ní títì. Nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé wá sí Pakistan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Afghanistan ti kọ́ eré yìí. Ní ọdún 2024, Afghanistan wà nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó kù nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọkùnrin. Uganda náà dé ìdíje yẹn. Ṣé Uganda lówó jù wá lọ ni?

Èyí ni àbá tèmi. Àkọ́kọ́, kí àwọn alága káńsù wa, láti Ìkòtún-Ìgàndó dé Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, mú pápá ilé-ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní yáàdì 22 sí àárín rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹní lé e. Ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà máa wá wo àwọn ọmọ wa nígbà ìsinmi ilé-ìwé, kí wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn Yorùbá, kì í ṣe kí wọ́n dúró sí TBS kí a máa wá bá wọn. Bí wọ́n bá sì yan ọmọ tán, kí wọ́n gbé ìwé ayò jáde kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè gba ìwé ọjọ́ orí fún àwọn ọmọ yín, nítorí ìdíje ọlọ́jọ́ orí ò gba “mo rò pé”. Ẹ má sì ní ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ gbá a. Àwọn ló na New Zealand. Gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò ló ń lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, àwọn tó ń pe ara wọn ní ejẹ́ǹtì sì ń gba owó lọ́wọ́ òbí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n ti ní kíríkẹ́ẹ̀tì yóò wà nínú Òlíḿpíìkì ní Los Angeles ní ọdún 2028.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà ní Ìgàndó lónìí kò tíì pẹ́ jù fún. Bó bá di ọmọ ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó wò ó, ó ti pẹ́ jù nìyẹn.



Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan ní Ìkòtún, Èkó