A Ó Làágùn Nídìí Iṣẹ́ Ọba

Wọ́n ní a kì í làágùn nídìí iṣẹ́ ọba. Àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú ní yunifásítì, àti àwa tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tipẹ́ kí a tó padà wá ka MPA, oyè kejì nínú ìmọ̀ náà, a ti kẹ̀yìn sí ọ̀rọ̀ náà. Bóyá ó bójú mu nígbà tí òyìnbó ń jọba lé wa lórí. Lónìí, owó wa ni ìjọba ń ná.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba náà, la fi ń rántí rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ló ka àwọn ọmọ? Ta ló ṣírò iye olùkọ́, iye kíláàsì, iye bẹ́ńṣì, tó sì wá ibi tí owó rẹ̀ yóò ti jáde? Àwọn akọ̀wé ìjọba ni. Irú wọn ni Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ṣe olórí òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Irú wọn ni àwa náà fẹ́ jẹ́.

Nítorí náà, oyè wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwé ìgbéga lásán. A mọ̀ pé ìgbéga ló gbé ọ̀pọ̀ wa wá. A ò bá ẹnikẹ́ni jà, owó oṣù kò tó, owó ilé ìwé ọmọ sì ń bẹ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ orí tábìlì ẹni tó gboyè yàtọ̀ sí ti àná.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí àpilẹ̀kọ wa máa tọpa fáìlì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fáìlì owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ kan, kó tẹ̀lé e láti rẹ́jísítírì. Akọ̀wé yóò kọ mínítì sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá sí igbákejì olùdarí, igbákejì sí olùdarí, olùdarí sí akọ̀wé àgbà. Tí ìyẹn bá fọwọ́ sí i tán, fáìlì yóò tún máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbì kan lójú ọ̀nà, ẹnìkan kọ KIV, ìyẹn “pa á mọ́ ná,” sí i, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó gba ìsinmi ọdún lọ. Olùkọ́ náà ń wọkọ̀ wá lóṣooṣù, wọ́n ń ní kó padà wá, ọ̀gá ò sí lórí síìtì. Ọwọ́ mélòó ni fáìlì yẹn kọjá? Èwo nínú wọn ni kò yẹ kó kàn án rárá? Ohun tó yẹ kí àpilẹ̀kọ sọ nìyẹn, kí ẹ̀dà kan sì dé ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó bá sanwó fún ẹlòmíì láti bá a kọ tirẹ̀, olè ni.

Ìgbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní gbangba: ìpolówó, ìdánwò, èsì lára ògiri. Lẹ́tà ọ̀gá òṣèlú, a ò ní gbé e wá, a ò sì ní gbà á. Yóò dun àwọn kan nínú wa tó jẹ́ pé lẹ́tà ló mú wọn wọlé. Kí àwọn náà má ṣáà kọ ti ẹlòmíì.

A ń bèèrè ààbò fún ẹni tó bá kọ òótọ́ sínú fáìlì. Ní 1975, ìjọba ológun Murtala Muhammed yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ níṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn láìgbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò lo ọdún 35 òun lẹ́nu iṣẹ́ pé kò ní lè kọ òótọ́; kíá ni yóò ti máa wá tara rẹ̀. A ò fi èyí gbèjà rìbá o; ibi tí apá kan rẹ̀ ti ṣẹ̀ là ń sọ.

Fọ́ọ̀mù kàńsù gbọ́dọ̀ wà ní Yorùbá pẹ̀lú. Ìyẹn ò gba àríyànjiyàn.

Ẹ̀yin ará wa ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi, Aláúsá, Òkè-Mosàn àti Alágbàká, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá gboyè. Fáìlì tó ti pẹ́ jù lọ lórí tábìlì yín, ẹ parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ẹni tó ni ín.