Ìjàǹbá Ọkọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Ìṣirò Péye

Ọdún 1988 ni ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ iye àwọn tó fara pa ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí iye rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ọ̀pọ̀ ń pè ní eléwu jù. Èyí kù díẹ̀ káàtó.

Ẹni tó mọ Excel lò lórí kọ̀ǹpútà yóò fi iye olùgbé pín iye àwọn tó fara pa. Ìkànìyàn ọdún 2006 (àwọn ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti ń wakọ̀ báyìí!) ka 9,113,605 fún Èkó, 3,751,140 fún Ògùn. Ká ní èèyàn 1,000 ló fara pa ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú 100,000 olùgbé, 11 ni ti Èkó, 27 ni ti Ògùn.

Síbẹ̀, èrò Èkó tó ń lọ sí Ìbàdàn, tó bá fara pa ní Ògèrè, Ògùn ni wọn yóò kà á sí. Ìdí nìyí tí iye ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá fi gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò náà. Kí ìjọba ṣe é kí wọ́n tó pín ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn, kí ẹni tó ṣèṣe ní Ògèrè má bàa kú sójú títì nítorí pé ìwé sọ pé Èkó ló nílò rẹ̀ jù.