Ẹ Má Tíì Dá Máòsì Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí ni ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó wà ní gbọ̀ngàn wa ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀, nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ bí ó ti rí gan-an.

Ẹ rántí pé òjò ba ìwé owó oṣù wa jẹ́. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni orúkọ àwọn tí ó sanwó láti 1999 títí dé 2008 kù sí. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa papòdà, tí ìyàwó rẹ̀ wá béèrè owó ìsìnkú, àwọn kan ní ọkọ rẹ̀ jẹ gbèsè. Màmá jókòó níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ mi kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa."

A pinnu pé kí a kó àkọsílẹ̀ náà jáde kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ṣùgbọ́n ibi tí à ń ki díìsì bọ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀rọ náà kò sì ní ihò USB. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ra káàdì àlòkù kan tí ó ní ihò wáyà, ó kì í bọ inú ẹ̀rọ náà, kí ó lè fi wáyà kó ọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀rọ mìíràn. Bí ó ti tan kọ̀ǹpútà, máòsì kò rìn mọ́ rárá. Ariwo bá ta pé ọmọ yìí ti ba ẹ̀rọ ẹgbẹ́ jẹ́, owó Màmá sì ti wọmi. A kò ní purọ́ fún yín: àwa náà wà nínú àwọn tí ó pariwo.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n yọ káàdì náà wò." Ó yọ ọ́, máòsì sì rìn. Àwọn kan ní kí a kàn ka orúkọ bàbá náà, kí a sì pa ẹ̀rọ. Àwa ní rárá. Lọ́la, orúkọ ẹlòmíràn ni a ó tún wá.

Ó wá là á yé wa. Ohun kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà ní aago tí ó fi ń pe ọpọlọ ẹ̀rọ, aago kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà. IRQ ni orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 ní 8 péré. Ti 1984 ní 16. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti gba 1, díìsì gba 6. Wọ́n wá fi COM1 àti COM3 sórí 4, wọ́n fi COM2 àti COM4 sórí 3. Máòsì wa wà ní COM1. Káàdì tí ó rà jẹ́ COM3. Àgbò méjì kò lè mu omi nínú koto kan.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ohun tí a ṣe nìyí. A tún ki káàdì bọ̀ ọ́, a sì fi bọ́tìnnì ṣe iṣẹ́ máòsì: ẹ tẹ Ctrl àti Esc pọ̀, ẹ fi ọfà yàn, ẹ tẹ Enter. Nínú Device Manager ti Windows 95, a wo àwọn nọ́ńbà tí ó ti ní olówó. A rí i pé 5 ṣófo, nítorí pé ẹ̀rọ wa kò ní káàdì orin, tí ó sábà máa ń gba 5. A pa iná, a yọ wáyà iná, a ṣí ẹ̀rọ. Lára káàdì náà ni ìdérí kékeré kan wà lórí àwọn irin tín-tìn-tín. A yọ ọ́ kúrò lórí 4, a fi sórí 5. A wá yí COM3 sí 5 nínú Device Manager pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ihò roboto ti máòsì, ẹ lè lo máòsì tirẹ̀; aago 12 ni ó ń lò.

Máòsì rìn, wáyà sì ṣiṣẹ́. A ka àkọsílẹ̀ náà níwájú gbogbo ìpàdé: bàbá náà sanwó pé láti oṣù kìíní 1999 títí dé ìparí 2008. Màmá gba owó wọn. Àwọn àgbà sì bẹ ọmọ náà níbi tí wọ́n ti bú u.

Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí ó dé kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wò, kí ẹ tó pe èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ní òkú. Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá sì wà nílé yín tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ má tà á fún oníbọ̀là. Ẹ gbé e wá.

Àjò kì í dùn kí onílé má rè é lé. Ọlọ́run yóò kó gbogbo wa délé láyọ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.