Owó Ilé Ẹjọ́ Kì í Ṣe Owó Gómìnà

Ní Ajíbódé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti ń gba yàrá, ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ kì í ṣe èyí tí ìwé ìròyìn ń gbé sí ojú ewé kìíní. Onílé fẹ́ lé ayálégbé, tọkọtaya fẹ́ kọ ara wọn, ọmọ bàbá kan náà ń jà sí ogún. Kóòtù ìbílẹ̀ àti ti májísíréètì ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ owó ti le jù. Àbújá ló ń san owó oṣù àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, nípasẹ̀ Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Àpapọ̀, NJC. Ṣùgbọ́n májísíréètì, adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀, akọ̀wé àti akódà, títí kan òrùlé tí wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀, àpò ìpínlẹ̀ ni gbogbo wọn gbójú lé.

Òfin kò ṣaláì sí. Abala 121 ìwé òfin 1999 pàṣẹ pé owó tó jẹ́ ti ilé ẹjọ́ nínú àpò ìpínlẹ̀, tààrà ni kí wọ́n san án fún àwọn olórí kóòtù. Ní oṣù kìíní 2014, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Àbújá dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́, JUSUN, láre lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àtúnṣe òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2018 fa àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ gómìnà ò tú ọwọ́ lára àpò náà, títí JUSUN fi ti kóòtù pa láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin di ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 2021. Ìyà ìyanṣẹ́lódì yẹn kò kan gómìnà kankan. Àwọn tó wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá ló jẹ ẹ́, tí wọn ò rí adájọ́ tí yóò gba onídùúró wọn. Àwọn kan ń tọ́ka sí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù kejì 2022 bí ẹni pé ó dá àwọn gómìnà láre. Ṣùgbọ́n Àṣẹ Ààrẹ kẹwàá (Executive Order 10) tí Buhari pa lórí owó yìí ni ilé ẹjọ́ náà fagi lé, nítorí pé Ààrẹ kọjá àyè rẹ̀. Abala 121 ṣì dúró.

Àwọn gómìnà á ní owó kò tó, pé ọ̀nà àti ilé ìwé ń dúró. Lóòótọ́ kò tó, ṣùgbọ́n a ò béèrè àfikún. Ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fọwọ́ sí nínú ìṣúná ni kó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, láìjẹ́ pé adájọ́ àgbà ń bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì gómìnà. Ìjọba ń jẹ́jọ́ níwájú àwọn adájọ́ wọ̀nyí, pàápàá lórí ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ ará abúlé. Olùjẹ́jọ́ wo ló yẹ kó máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ adájọ́? Àwọn mìíràn ní kí kóòtù máa fi owó ìtanràn gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ìyẹn tún burú jù: kóòtù tó ń jẹun nínú ìtanràn yóò máa wá ẹlẹ́bi kiri.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé àwọn olórí kóòtù náà lè ná an ní ìnákúnàá, tàbí kí gbogbo rẹ̀ parí sí ìgboro, kó má dé àwọn kóòtù kéékèèké ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Abala 125 ti fún olùyẹ̀wò owó àgbà ìpínlẹ̀ lágbára lórí ìwé owó àwọn kóòtù. Kó lò ó, kí ìròyìn rẹ̀ sì ya owó kóòtù ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé ẹjọ́ gíga, kí ará Ajíbódé lè rí iye tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́ tirẹ̀.