Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Land Rover àtijọ́, ẹ tètè tún ilẹ̀kùn yín ṣe kólè tó dé

Bí jíìpù bá pọ̀ bí èèpẹ̀ nígboro, Land Rover àtijọ́ ṣì yàtọ̀. Bó ti wù kó gbó tó, ẹni tó ní in kì í fẹ́ẹ́ tà á, ẹni tí ò ní in náà kì í gbójú kúrò lára ẹ̀. Lọ́dún 1948 làwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí jáde níbi àfihàn ọkọ̀ kan nílùú Amsterdam. Nígbà tó di 1990, wọ́n sọ ọ́ ní Defender, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 sì ni èyí tó gbẹ̀yìn jáde nílé iṣẹ́ wọn ní Solihull. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ti ṣe Defender tuntun lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Nígbà tí wọn ò ṣe ti àtijọ́ mọ́, lowó ẹ̀ bá gbẹ́nu sókè. Bówó nǹkan bá sì ti lọ sókè, ẹ ti mọ̀ pé ojú olè ò ní í kúrò níbẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, àwọn olè mìíràn ò tiẹ̀ ṣe wàhálà àtigbé odidi ọkọ̀ lọ. Wọ́n á fi sípánà tú ilẹ̀kùn, wọ́n á tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ọlọ́kọ̀ tó jí láàárọ̀, ọkọ̀ ti dà bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní tiẹ̀ nílẹ̀ wa níbí náà ò gbọdọ̀ sùn.

Kí ló fà á tó fi rọrùn bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n dìídì ṣe ọkọ̀ yìí fún, ta ló sì fẹ́ẹ́ jí ọkọ̀ láàárín oko? Ìta gbangba ni ínjìsì, irin tó gbé ilẹ̀kùn dúró, wà, tòun ti bóòtù ẹ̀. Àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn, gíláàsì tí wọ́n ń sún síwá sẹ́yìn ni wọ́n ní. Bí ohun tó ń dì í mú bá ti jẹ, èèyàn lè dúró níta sún un, kó na ọwọ́ wọlé, kó sì ṣílẹ̀kùn bí ẹni ṣílẹ̀kùn ilé bàbá ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọlọ́kọ̀ tó sáré lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin láti lọọ ra lọ́ọ̀kì tuntun, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe èyí tó wà lára ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti fowó ṣòfò lórí ohun tí kò bàjẹ́. Kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kó fi sukudiráfà yí ẹnu lọ́ọ̀kì tó wà létí ilẹ̀kùn títí yóò fi há, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá padé. Kó wá fa háńdù ìta, kó tún un ṣe, kó fa tinú. Bó bá jẹ́ háńdù kan ló kọ̀, ọ̀pá tín-ín-rín tó so ó mọ́ lọ́ọ̀kì nínú ilẹ̀kùn ló ṣeé ṣe kó yọ. Bó bá tú sílẹ̀ nígbà méjèèjì, tí ilẹ̀kùn ò sì fẹ́ẹ́ padé dáadáa, ilẹ̀kùn ló ti sọ̀, kì í ṣe lọ́ọ̀kì. Kó di etí ilẹ̀kùn mú, kó gbé e sókè díẹ̀. Bó bá ń mì, ínjìsì ti jẹ nìyẹn. Bí ò bá mì, kó dẹ bóòtù irin tó wà lára òpó ọkọ̀, èyí tí lọ́ọ̀kì máa ń gbá mú, kó sún un díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀kùn á fi máa padé láìjẹ́ pé wọ́n ń gbá a bí ẹni ń jà. Ẹ má gbàgbé o: ẹ fa háńdù kí lọ́ọ̀kì tú kẹ́ ẹ tó pa ilẹ̀kùn yẹn dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin á kọlu irin, iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ojú kọ́kọ́rọ́. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké ló wà nínú ibẹ̀ tí eyín kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Bí wọ́n bá ti jẹ, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ aládùúgbò lè ṣí i. Ohun tọ́pọ̀ èèyàn sì ń ṣe ni pé wọ́n á mú kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́, ìyẹn náà á gé òmíì tó jẹ bíi tàkọ́kọ́. Kí wọ́n pààrọ̀ ojú kọ́kọ́rọ́ gan-an, kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo máa ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, títí kan tẹ̀yìn. Ẹ má sì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, eruku ni yóò kó jọ. Ẹ̀tù dúdú irú ti inú pẹ́ńsù, tí wọ́n ń pè ní graphite, ló yẹ ẹ́. Ẹnu lọ́ọ̀kì ló ni gírísì.

Ní ti ínjìsì, bóòtù tí sípánà lásán ò lè mú wà, kí wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni má gbé ọkọ̀ lọ bá wẹ́dà pé kó jó irin mọ́ ọn lára o. Ààlùmíníọ̀mù ló pọ̀ jù lára ọkọ̀ yìí, iná wẹ́dà ẹ̀bá títì á lu ú ni. Bí irin bá sì fara kan ààlùmíníọ̀mù tómi wà níbẹ̀, ààlùmíníọ̀mù á máa jẹ di ìyẹ̀fun funfun. Ohun tó ń jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ Land Rover nìyẹn.

Lọ́ọ̀kì tó dáa ò ní kólè má fọ́ gíláàsì, kó kàn pẹ́ níbẹ̀ ni, ohun tólè ò sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí irin tí wọ́n fi ń ti búrẹ́ẹ̀kì àti kílọ́ọ̀ṣì wà nínú ọkọ̀, kí súìsì ìkọ̀kọ̀ náà sì wà. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń lo bẹntiróòlù, wáyà tó lọ sí kọ́ìlì ni rẹwáyà máa gbé gba inú súìsì. Èyí tó ń lo dísù, bíi 200Tdi, wáyà tó ń ṣínà fún dísù lára pọ́ńpù ni. Bí iná ò bá débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní í jí. Ṣùgbọ́n rẹwáyà tó mọṣẹ́ ni kó ṣe é. Bí wáyà tí wọn ò dì dáadáa bá lọọ já lójijì lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe olè ló pa ọlọ́kọ̀ yẹn.

Èyí tó wá burú jù ni tàwọn tó fẹ́ẹ́ tìtorí olè pa ara wọn. Wọ́n á yọ háńdù inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á fi àgádágodo kọ́ ọ níta, àwọn ọmọ á sì wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé ńkọ́? Bíná bá ràn, ta ni yóò dúró wá kọ́kọ́rọ́? Ọkọ̀ ò wọ́n ju èèyàn lọ. Ilẹ̀kùn tó bá ti pa mọ́ olè níta gbọ́dọ̀ ṣí wéré fẹ́ni tó wà nínú, láìlo kọ́kọ́rọ́. Kí ọlọ́kọ̀ wọnú ọkọ̀ ẹ̀ lónìí, kó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, kó wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látinú. Èyí tó bá kọ̀ tí ò ṣí, òun ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó tó ronú kan olè.