Ta Ló Ní Orin Òru Kò Yẹ Ọmọlúàbí?

Àwọn kan nínú wa ń wí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ gbọ́ orin lóru, nínú gbọ̀ngàn kékeré ní Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́, ti di ọmọ ìta. Mo takò wọ́n.

Ìgbà wo ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde ní Kétu? Òru ni, lójú ọjà, níbi tí akọrin ti ń bá oníwà ìbàjẹ́ wí níṣojú gbogbo ìlú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé. Bí òru kò bá ba Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́, báwo ni yóò ṣe ba gìtá jẹ́?

Ṣé ọtí ni ẹ ń bẹ̀rù? Ọtí wà níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú wa. Ta ló torí rẹ̀ fòfin de ìgbéyàwó?

Èdè wa ló yẹ kí á bẹ̀rù fún. Angélique Kidjo ti fi Yorùbá kọrin káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n bí àwa tí a gbédè bá sá kúrò níbi tí ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ orin, ta ni yóò sọ fún un pé ohùn orin rẹ̀ ti sọ ọkọ di ọkọ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ san owó ìwọlé, ẹ jókòó, ẹ tẹ́tí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè orin Yorùbá lọ́wọ́ wọn. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.