Òṣùwọ̀n Ohùn àti Òṣùwọ̀n Ìfúnpá



Ní kíláàsì mi, ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Praat, èyí tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, ni a fi ń wọn ohùn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pe "ọkọ́", "ọkọ" àti "ọkọ̀", ìlà yóò gòkè, yóò dúró tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀, nọ́ńbà yóò sì jáde ní Hertz. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Ohùn òkè ọkùnrin tí ó jẹ́ 150 lè rẹlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ 180 lọ, síbẹ̀ kò sí Yorùbá tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. Etí ni adájọ́.

Ní ti ìfúnpá, ara kì í sábà jẹ́rìí. Scipione Riva-Rocci ṣe òṣùwọ̀n tí a ń dì mọ́ apá ní Ítálì ní 1896. Ní 1905, Nikolai Korotkov, dókítà ará Rọ́ṣíà, fi hàn bí a ṣe ń fetí sí ìró inú iṣan apá bí a ti ń dẹ ìdè náà. Bí nọ́ńbà bá ń tó 140 lórí 90 léraléra, ewu ń bẹ, yálà ara ń ro wá tàbí kò ro wá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" ni a ń pe àìsàn yìí. Ìyá kan tí ó bá mi tan pa oògùn rẹ̀ tì. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ò ru mọ́, ara mi balẹ̀." Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a wólẹ̀. Orúkọ kọ́ ló fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n orúkọ ló kọ́ ìyá láti máa retí ẹ̀jẹ̀ tí ń hó. Àwọn mìíràn a ní, "Mo ní BP," bí ẹni pé alààyè kan wà tí kò ní in!

Èrò tèmi ni pé kí "ìfúnpá" jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kí "ìfúnpá gíga" jẹ́ àìsàn, kí "òṣùwọ̀n ìfúnpá" sì jẹ́ ẹ̀rọ náà. Ẹnìkan lè ní oògùn tí àwọn àgbà ń so mọ́ apá ni ìfúnpá. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ yìí náà ń fún apá.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀mí kí a tó sọ àìsàn lórúkọ. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò yín?